Gbogbo àìsàn ìdí kọ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí o

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ẹmùré àti gbogbo gúúsù Èkìtì, ọ̀rọ̀ tó ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn lójú la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ohun yòówù kó máa ṣe wá nídìí, jẹ̀díjẹ̀dí la máa ń pè é. Ẹni tó ń ta agbo ní gáréèjì ò sì ní bi yín ní ìbéèrè méjì kó tó bu ife kan fún yín.

Àmọ́, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé eéwo ló máa kọ́kọ́ yọ lẹ́bàá ihò ìdí. Á tú, ara á tu onítọ̀hún, á ní ó ti tán. Nígbà tó bá yá, ojú ibẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọyún, á máa ba pátá jẹ́. Físítúlà làwọn dókítà ń pè é. Ọ̀nà kékeré ló là láti inú ihò ìdí jáde sí awọ ara, bíi ihò òkété. Agbo ò lè dí i, iṣẹ́ abẹ ni.

Ẹni tó bá ń wa òkété, ṣé kò yẹ kó mọ ibi tí ihò gbà ni? Iṣan tó ń bá wa di ìgbẹ́ mú wà níbẹ̀. Bí ihò náà bá gba ìsàlẹ̀, tí kò yà, dókítà lè fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó sì mọ ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gba inú iṣan lọ sókè, tàbí tó lẹ́ka, tí wọ́n wá là á láìmọ ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀ka tí wọn ò rí á tún ṣe ọyún, tàbí kí wọ́n gé iṣan, kí èèyàn má lè di ìgbẹ́ mú mọ́.

X-ray tí wọ́n ń fi oògùn sínú ihò yà lè fi ọ̀nà hàn, àmọ́ kì í fi iṣan hàn. MRI ló ń fi méjèèjì hàn. Ní ilé ìwòsàn St Mark's ní London, wọ́n yẹ èèyàn 71 tí tiwọn ti padà wá wò, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2002. Lọ́dọ̀ àwọn dókítà tó máa ń tẹ̀lé ohun tí MRI fi hàn, 16 nínú 100 ló tún padà. Lọ́dọ̀ àwọn tí kò kà á sí, 57 ni.

Òótọ́ ni, owó rẹ̀ ò kéré, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí, tó tún padà, ẹ má gbà kí wọ́n tún gé yín láìya àwòrán. Adó ò jìnnà. MRI wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n kó sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Afẹ Babalọla tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2017. Ẹ sọ fún dókítà yín pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti mọ ibi tí ihò yìí gbà?" Kò sí àrífín nínú ìyẹn, ara yín ni wọ́n fẹ́ gé.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.