Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Lọ sí Gberefu: Ẹ Jẹ́ Kí A Lọ, Ṣùgbọ́n Kí A Má Ṣe Gbàgbé

Nínú ètò ayẹyẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́dún yìí, àbá kan wà níwájú ìgbìmọ̀ tí ó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. Àbá náà ni pé kí a kó àwọn ọmọ kíláàsì àgbà lọ sí Àgbádárìgì, kí a sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn gba orí ọ̀sà kọjá sí Gberefu, kí wọ́n lè rí etí òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn kan ní owó ayẹyẹ kò yẹ ní fífi ṣe fàájì. Àwọn mìíràn ní a kì í fi ọmọ ọlọ́mọ dán omi wò. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní ibi tí a ti ta ènìyàn bí ẹni ta ẹran kì í ṣe ibi tí a ń lọ ya fọ́tò. A ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, a kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, èrò tiwa ni pé kí àwọn ọmọ náà lọ. Ìdí tí a fi rò bẹ́ẹ̀, àti irú ìrìn-àjò tí ó yẹ kí ó jẹ́, ni a fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti ẹwà ibẹ̀, nítorí ẹwà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bèbè àríwá ọ̀sà ni ìlú Àgbádárìgì wà. Ní òdìkejì omi ni ilẹ̀ tóóró kan tí ó kún fún iyanrìn àti igi àgbọn, òkun ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé omi yìí lọ sí ìlà-oòrùn, yóò mú wa dé Èkó. Bí a bá tẹ̀ lé e lọ sí ìwọ̀-oòrùn, yóò mú wa kọjá ààlà lọ sí Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Odò Yewa náà ń ṣàn wá wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣí kúrò ní èbúté, òrùlé ìlú a máa kéré lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ẹni. Apẹja ará Ègùn a dúró nínú ọkọ̀ tirẹ̀ tí ó ń da àwọ̀n. Atẹ́gùn a máa fẹ́ yẹ́ẹ́. Ọ̀sà a tòrò bí omi inú àwo. Ṣùgbọ́n bí a bá gúnlẹ̀ ní Gberefu, tí a sì fi ẹsẹ̀ rin inú iyanrìn lábẹ́ igi àgbọn, etí wa ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ òkun kí ojú wa tó rí i. Lẹ́yìn náà ni ìgbì yóò yọ, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, láìsinmi.

Ẹni tí ó bá rí ìyẹn tí kò sì rántí Ẹlẹ́dàá, ọkàn rẹ̀ le púpọ̀. Kì í ṣe lásán ni Sáàmù 107 fi ka àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí omi ńlá mọ́ àwọn tí ó ti fojú ara wọn rí iṣẹ́ ìyanu Olúwa. Olúwa wa Jésù pàápàá fi ọkọ̀ apẹja ṣe àga ìwàásù ní adágún Gálílì. Ọmọ tí kò tíì rí ohun kan tí ó tóbi ju ògiri kíláàsì àti ojú fóònù rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ó dúró níwájú òkun fún wákàtí kan. Ìwàásù tí yóò gbọ́ níbẹ̀ lè ju tiwa lọ.

Ṣùgbọ́n omi kan náà tí ó lẹ́wà yìí ni omi ẹkún. Àwọn tí a kó lẹ́rú ni a fi ọkọ̀ kọjá lórí ọ̀sà yìí, inú iyanrìn yìí sì ni wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn. Kò sí èbúté àdánidá ní etí òkun náà, nítorí náà òkèèrè ni ọkọ̀ àwọn òyìnbó ń dúró sí, tí ọkọ̀ kéékèèké yóò sì gbé àwọn ẹrú la ìgbì kọjá lọ bá wọn. Brazil ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Cuba sì ni àwọn mìíràn lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí a di gbogbo ẹrù náà lé òyìnbó lórí. Ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá ni ó pèsè ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a tà. Títí di òní ni ilé Sẹ́rìkì Williams Abass ṣì wà ní Àgbádárìgì, níbi tí a ti ń fi yàrá tí a ń há àwọn ẹrú mọ́ han àlejò. Ìtàn sọ fún wa pé ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin náà, pé wọ́n ta òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Brazil ní kékeré, àti pé nígbà tí ó padà dé, òwò ẹrú ni ó yàn láàyò. Ẹni tí a dè ni ó padà wá di ẹni tí ń de ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ènìyàn tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ ṣọ̀wọ́n nínú ìwé.

Lójú ọ̀nà láti ọ̀sà sí òkun, kànga kan wà. Àwọn tí ń mú àlejò kiri yóò sọ fún yín pé a ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Agbára yòówù tí wọ́n gbà pé ó wà nínú omi náà, a mọ̀ dájú pé kò ṣiṣẹ́. Ní Bahia, àwọn ọmọ wa tí a ń pè ní Nàgó kò gbàgbé. Ní Cuba, àwọn tí a ń pè ní Lukumí kò gbàgbé. Wọ́n di orúkọ, orin àti èdè mú lábẹ́ pàṣán. Àwa tí a kò mu omi kànga náà rí ni a ń gbàgbé. Àwa ni a bí ọmọ sí àárín Yorùbá tí kò lè fi Yorùbá kà dé ogún. Àwa ni a ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀ nítorí irú rẹ̀, tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò sì lè sọ ọ̀nà tí ìhìn rere gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀nà náà ni omi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún kan náà ni Henry Townsend ti C.M.S. dé. Lọ́dún 1843 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí a ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Nígbà tí ó sì di ọdún 1845, Samuel Ajayi Crowther dé.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ìtàn Àjàyí yìí dáadáa. Lọ́dún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn. Lọ́dún 1822 ni a tì í sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Orúkọ tí àwọn olówò náà sọ ọkọ̀ wọn ni Esperança Feliz, èyí tí ó túmọ̀ sí Ìrètí Aláyọ̀. Ẹ wo irú orúkọ tí a kọ sára ọkọ̀ tí ó kó ọmọ ènìyàn sí ìdè! Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà wọ́n sílẹ̀ lójú omi, a sì kó wọn lọ sí Freetown. Ọmọ tí òkun gbé lọ ni òkun gbé padà wá ní àlùfáà. Lọ́dún 1846 ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Lọ́dún 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Bíbélì tí a ń kà ní èdè wa lónìí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró sí Gberefu tí ó sì mọ èyí, ojú tí yóò fi wo ìgbì yóò yàtọ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí àwọn tí ó ní fàájì ni, àti àwọn tí ó ní ìbànújẹ́ ni, ni pé méjèèjì ni. Ẹlẹ́dàá kò gba ẹwà kúrò lára omi nítorí ìwà búburú ènìyàn. Kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Kí wọ́n mu omi àgbọn, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ fún àwọn ará Gberefu tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n láti ibi kànga náà dé etí òkun, kí ariwo dákẹ́, kí a pa rédíò, kí a gbàdúrà ọpẹ́ àti ti ìrònúpìwàdà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ju ọ̀rá omi sílẹ̀ sínú iyanrìn náà. Ṣáájú ọjọ́ náà, kí olùkọ́ ìtàn gbé àwòrán ilẹ̀ wá sí kíláàsì, kí ó sì kọ́ wọn.

Àwọn tí ó ń bẹ̀rù omi ni a fẹ́ bọ̀wọ̀ fún jù, nítorí a ti sin òkú àwọn tí omi gbé lọ. Àwọn tí a sin kò kú nítorí pé omi burú. Ohun tí ó pa wọ́n ni àpọ̀jù èrò, ìrìn òru àti àìwọ ẹ̀wù ìléfòó, èyí tí a ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àwa àti àwọn ẹgbẹ́ wa kan ṣe ìrìn-àjò yìí, atukọ̀ fẹ́ gbéra láìfún wa ní ẹ̀wù náà. Ó ní kò jìnnà. A ní a kò ní wọlé. Kò pẹ́ tí ó fi kó wọn jáde láti inú yàrá kan. Àwọn onígbàgbọ́ kan yóò ní àdúrà tó. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ pé àkókò kò dára, ọ̀gá ọmọ-ogun gbọ́ ti ọlọ́kọ̀. Ọkọ̀ fọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn 276 dé èbúté láàyè, àwọn kan lórí pákó. Ọlọ́run tí ó ṣe ìlérí fún Pọ́ọ̀lù náà ni ó pèsè pákó.

Kí ìgbìmọ̀ fi èyí ṣe òfin: kò sí ẹ̀wù ìléfòó, kò sí ìrìn-àjò. Kí iye èrò má ṣe ju iye tí ọkọ̀ náà lè gbà. Kí a gbéra lówùúrọ̀, kí a sì padà sí ìlú kí oòrùn tó wọ̀. Bí òjò bá ṣú, kí a dúró. Kí a ka àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, kí a sì tún kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Kí àwọn òbí sì fọwọ́ sí ìwé.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù. A mọ àwọn òbí tí kò lè san án, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ọmọ kankan jókòó sílé nítorí òṣì bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ tí a ń kọ́ni ní òmìnira. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa gbé ẹrù ọmọ márùn-ún. Tiwa ti wà lọ́wọ́ akápò.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti pẹ́ tó tiwa ti di àgbà. Kí ó wo ẹ̀yìn, kí ó sì mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání nígbà tí ó bá ń wò ó, kí wọ́n má baà jẹ́ ẹni tí kànga Gberefu rí mú láìmu omi rẹ̀.