Ta ló ni orin country?

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Oklahoma, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀ láti lo orin tuntun Beyoncé, "Texas Hold 'Em". Wọ́n ní orin country ni tàwọn, àwọn kì í lo tirẹ̀. Ìgbà tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí wọn lọ bí òjò ni wọ́n tó lò ó. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ni odindi àwo orin náà, Cowboy Carter, jáde.

Ọmọ Texas mà ni Beyoncé o! Banjo tó ń dún nínú orin àwọn ará oko yẹn ńkọ́? Àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló mú ọgbọ́n rẹ̀ dé ọ̀hún: igbá ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á fi awọ bò ó lójú. Lójú tiwa, ẹni tó lé Beyoncé ń lé ọmọ olóko kúrò lóko bàbá rẹ̀ ni.

Ẹgbẹ́ CMA ní Nashville kò dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn kankan lọ́dún náà. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Grammy fún un ní ẹ̀bùn àwo country tó dára jù, wọ́n tún fi ti àwo orin ọdún lé e.

Ṣùgbọ́n ti Linda Martell ló dùn mọ́ wa jù. Obìnrin dúdú yìí kọrin ní Grand Ole Opry lọ́dún 1969. Àwo country kan péré ló ṣe. Beyoncé fi ohùn rẹ̀ sínú Cowboy Carter. Ẹni ọdún 82 ni màmá nígbà tó jáde.