Ta Ló Ní Iṣẹ́ Ọwọ́ Kì í Ṣe Àṣà?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àríyànjiyàn tí ó wáyé ní ìpàdé wa tí ó kọjá dùn mí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n rí nǹkan kan tí ó yẹ kí a jọ sọ.

Ọ̀kan nínú wa, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀dà kékeré ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìdíje àtijọ́ kan. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ti gé sínú páálí fún ènìyàn láti tò. Irin lásán ni ó mú, tí ó ń fi ayùn gé, tí ó sì ń fi fáìlì rẹ́. Ó bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fún òun ní tábìlì kan ní Ọjọ́ Àṣà wa kí àwọn ènìyàn lè wò ó. Wọ́n ní rárá. Ẹnìkan ní ìṣeré ọmọdé ni. Ẹlòmíràn ní ohun Òyìnbó ni, kò bá Ọjọ́ Àṣà mu. N kò fara mọ́ ìdáhùn méjèèjì, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹ́ńjìnnì tí à ń wí. Ti ọkọ̀ Bugatti Type 35 ni. Ettore Bugatti, ẹni tí a bí ní Milan ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 1881, ni ó ṣe ọkọ̀ náà ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Molsheim, ní ilẹ̀ Faransé. Ìlú Lyon ni ó ti kọ́kọ́ sáré ìdíje ńlá ní oṣù kẹjọ ọdún 1924. Táyà dà á láàmú lọ́jọ́ náà, kò gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1925 títí di 1929, ọkọ̀ Bugatti ni ó ń borí lọ́dọọdún nínú ìdíje Targa Florio ní erékùṣù Sicily.

Sílíńdà mẹ́jọ ni ẹ́ńjìnnì náà ní, gbogbo wọn tò sí ìlà kan ṣoṣo. Fáàfù mẹ́ta ni ó wà fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan: méjì fún ohun tí ń wọlé, ọ̀kan fún èéfín tí ń jáde. Kò ní tọ́ọ̀pù sílíńdà tí mẹkáníìkì lè ṣí kúrò, nítorí pé òun àti búlọ́ọ̀kù jẹ́ ẹyọ kan náà. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ bàbá yín ti jó gásíkẹ́ẹ̀tì rí nígbà tí ẹ ń lọ sílé fún ọdún, ẹ ó mọ ìtumọ̀ ohun tí mo sọ yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ Bugatti a máa fi ọwọ́ họ ojú irin títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, débi pé bí irin méjì bá pàdé, wọn kò nílò gásíkẹ́ẹ̀tì láàárín. Wọ́n tún ń fi wáyà tín-ín-rín so àwọn bóòtù pọ̀ kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì má baà tú wọn. Iṣẹ́ sùúrù ni látòkè délẹ̀.

Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ọ̀rẹ́ wa ń ṣe tirẹ̀. Ẹnu sílíńdà ojúlówó fẹ̀ tó mìlímítà 60, písítìn rẹ̀ sì ń rin mìlímítà 88 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ pín in sí mẹ́jọ: ó di 7.5 àti 11. Písítìn rẹ̀ kò ju ọ̀pá bírò lọ ní sísanra. Bí fáìlì bá sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ṣìnà, bí ẹni pé ó fi ohun tí ó fẹ́ẹ̀ tó mìlímítà kan ṣìnà lára ojúlówó ni.

Níbí ni ìṣirò ti di ohun tí ojú ń rí. Ẹ́ńjìnnì ojúlówó jẹ́ 1,991 cc. Ẹni tí kò bá farabalẹ̀ yóò pín in sí mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n gígùn, ìbú àti gíga ni wọ́n jọ dín kù lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, 512 ni a ó fi pín in. Ohun tí ó ṣẹ́ kù kò pé 4 cc! Gbogbo sílíńdà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, omi inú wọn kò lè kún ṣíbí tí a fi ń fún ọmọdé ní oògùn ibà. Ọ̀pọ̀ wa ni a ti ṣe irú ìṣirò yìí yege nínú ìdánwò. Mélòó nínú wa ni ó ti fi ojú rí i rí?

Ọ̀rẹ́ wa kò rí ẹ́ńjìnnì náà sójú rí, àwòrán rẹ̀ nìkan ni ó ní. Ó mú ohun kan tí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ dájú, ó wọ̀n ọ́n lórí àwòrán, ó sì fi èyí ṣírò ìyókù. Àwòrán pàápàá a máa purọ́, nítorí pé ohun tí ó sún mọ́ kámẹ́rà a máa tóbi ju èyí tí ó wà lẹ́yìn lọ. Nítorí náà, àwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó ń fi wé ara wọn kí ó tó fi ayùn kan irin. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí ó ń ta ohun èlò rẹ̀ fún un. Písítìn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti kú ni ó là sí wẹ́wẹ́ láti rí alumíníọ̀mù. Abẹ́rẹ́ oníhò tí wọ́n fi ń gún ni ni ó gé ṣe páìpù epo. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ di ọ̀pá fáàfù. Wáyà bàbà tí ó tú lára fáànù jíjó ni ó fi ń so bóòtù bí àwọn ará Molsheim ti ṣe.

Ṣé èyí ni ẹ pè ní ìṣeré ọmọdé? Gerald Wingrove, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣíṣe ẹ̀dà kékeré ọkọ̀ àtijọ́ jẹun, ó sì kọ ìwé láti fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Pierre Scerri, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lórí ẹ̀dà Ferrari 312 PB ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà méjìlá inú rẹ̀ sì ń jó epo, ó ń dún. Ti ọ̀rẹ́ wa kò ní jó epo ní tirẹ̀. Bí ó bá parí, ọwọ́ ni a ó fi máa yí kánńkíṣáàfù rẹ̀, tí písítìn mẹ́jọ yóò sì máa lọ sókè sódò. Èyí náà tó. Gbogbo wa ni a fi agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ṣe ọkọ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Kí ló dé tí ọwọ́ náà fi kú nígbà tí a wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga? A lè ya ẹ́ńjìnnì sínú ìwé kí a sì kọ orúkọ sí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí jẹnẹrétọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì bá kú, mẹkáníìkì tí kò ka ìwé mẹ́fà ni a ń sáré lọ pè.

Ọ̀rọ̀ kejì ló dùn mí jù, pé ohun Òyìnbó ni. Ẹ dákun, léèsì tí a ń kó wọ̀ ní Ọjọ́ Àṣà, ṣé Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún? Ilẹ̀ Austria ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá, kò sì sẹ́ni tí ó lé e jáde ní gbọ̀ngàn. Àwọn orí tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 ńkọ́? Ìda ni àwọn baba wa kọ́kọ́ fi mọ wọ́n. Wọ́n fi amọ̀ bo ìda náà, wọ́n yọ́ ọ dànù, wọ́n sì da irin gbígbóná sí àyè rẹ̀. Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀dà kékeré ń lò títí di òní fún ẹ̀yà tí fáìlì kò lè dé. Ìda àbẹ́là ni ọ̀rẹ́ wa fi mọ páìpù èéfín rẹ̀. Bí ẹ bá lé e kúrò ní Ọjọ́ Àṣà, ta ni ó kù tí ń ṣe iṣẹ́ baba wa níbẹ̀?

Ohun kan tún wà tí ó kan irú èmi gan-an. Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Yorùbá tí mo gbọ́ nílé jẹ́ ti oúnjẹ, ti ìkíni àti ti ìbáwí. Tábìlì ọ̀rẹ́ wa yìí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ Yorùbá tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ. Kí ni kí a pe ọ̀pá tí ó so písítìn mọ́ kánńkíṣáàfù? Òun ní apá ni. Èmi ní ẹsẹ̀ ni, nítorí pé òun ni ó ń wa kẹ̀kẹ́. A jiyàn títí iná fi lọ. Èdè tí a kò bá fi ṣiṣẹ́, ọdún àti àlejò nìkan ni yóò máa rí i.

Mo gbà pé ìdánwò ń bọ̀ àti pé owó ẹgbẹ́ kò pọ̀. N kò ní kí gbogbo wa di alágbẹ̀dẹ. Ohun méjì péré ni mo ń bẹ ẹ̀gbọ́n wa Alága àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fún. Ẹ fún un ní tábìlì náà, kí a kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wa ní wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wá kọ́ bí a ṣe ń di fáìlì mú. Kò ní ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ire o.