Kòtẹ́milọ́rùn Kì Í Ṣe Ẹ̀bẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí bàbá rẹ bá kú lónìí, ta ni wàá lọ bá nínú ọgbà ilé ìwé yín? Mi ò sọ̀rọ̀ ẹni tí yóò kí ọ kú ara fẹ́ra kù. Àwọn yẹn pọ̀, wọn yóò tiẹ̀ fi fọ́tò bàbá rẹ sí orí WhatsApp wọn fún ọjọ́ méjì. Ẹni tí mò ń bèèrè ni ẹni tí yóò ṣí ìwé owó ilé ìwé rẹ, tí yóò wò ó, tí yóò ní, "Ó dáa, ẹni tó ń san owó yìí kò sí mọ́, ẹ jẹ́ ká tún un wò." Bí o bá mọ ọ́fíìsì tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, jọ̀ọ́ fi hàn mí.

Ọ̀rẹ́ mi kan jẹ́ ọmọ Ìkòyí-Ilé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìwé rẹ̀, nítorí ó ṣì fẹ́ padà síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wa mótò, ìyá rẹ̀ ń ṣe gaàrí. Owó mótò ló ń san owó ilé ìwé, owó gaàrí ló ń bọ́ ilé. Ní sáà kejì ọdún tó kọjá, mótò náà àti tírélà kan forí sọ ara wọn lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ sọ di oníbejì láti ìgbà tí a wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn, owó ìtọ́jú sì ti kó owó àjọ ìyá jẹ tán kí bàbá tó dákẹ́. Bàbá lọ, mótò lọ, owó àjọ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọdún náà tẹ́lẹ̀. Ìdá méjì tó kù ni kò rí. Ó kọ lẹ́tà. Olùgbani-nímọ̀ràn ẹ̀ka wọn ní kó gbé e lọ bá olórí ẹ̀ka. Olórí ẹ̀ka ní ọ̀rọ̀ owó kò sí lọ́wọ́ òun, kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì bọ́sà. Wọ́n ní bọ́sà kò lè ṣe nǹkan kan láìjẹ́ pé ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ sí i. Ní ọ́fíìsì yẹn, obìnrin kan tó káàánú rẹ̀ gan-an fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ò mọ ènìyàn kankan ni?" Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, wọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, nítorí orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tó ti san tán.

Gbólóhùn obìnrin yẹn ni mo fẹ́ bá jà. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí.

Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ wa. Òyìnbó máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe kí ènìyàn máa bẹ̀bẹ̀ àti kí ó gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀: o kúnlẹ̀, o ní "ẹ ṣàánú mi", ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ò ń bẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó wà lókè la pè ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹni tó lọ síbẹ̀ kò lọ dọ̀bálẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ohun tí ẹ pinnu kò tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ tún un wò, ẹ̀rí mi nìyí." Ó lè jàre, ó lè jẹ̀bi, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ilé ìwé wa ní ẹ̀bẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Kòtẹ́milọ́rùn ni kò ní.

Ẹ má sì sọ fún mi pé nǹkan àjèjì ni mò ń bèèrè. Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ ìjọba máa ń wo owó tó wọlé fún àwọn òbí ní ọdún méjì sẹ́yìn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nǹkan lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjì, nítorí náà òfin fún òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ìrànwọ́ ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti tún ìṣirò náà ṣe bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òbí, bí òbí bá kú, tàbí bí àìsàn bá gbé owó ilé lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, a fi ìwé ẹ̀rí ti í. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí owó tó ń wọ ilé bá fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dínkù, ìdílé lè ní kí wọ́n fi owó ọdún tí a wà nínú rẹ̀ gan-an ṣe ìṣirò. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham lè lo ànfààní yìí láìmọ pásítọ̀ kankan. Mi ò sọ pé ibẹ̀ ni párádísè o. Gbèsè ilé ìwé lọ́hùn-ún ń tẹ̀lé ènìyàn dọjọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn wà, ó sì ní àkọlé lára.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣebí NELFUND ti dé?" Ó ti dé, mo sì kí i káàbọ̀. Òfin àkọ́kọ́ tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023 ní kí owó tó ń wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ má tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà (₦500,000) lọ́dún, kó sì wá onídùúró méjì. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2024 yọ gbèdéke owó ilé yẹn kúrò. Àwáwí kò sí níbẹ̀: ó dára. Kò sí èlé lórí owó náà, ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ilé ìwé fún tààrà, ẹni tó bá fẹ́ owó ìgbọ́bùkátà a máa gba ₦20,000 lóṣù, a kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà àfi lẹ́yìn ọdún méjì tí a bá parí ìsìnrú ìlú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí wọ́n ṣí ìforúkọsílẹ̀, bàbá rẹ̀ wà láàyè, bàbá rẹ̀ sì ń san owó. Ta ló ń yá owó nígbà tí bàbá rẹ̀ ń san? Ìforúkọsílẹ̀ ní ọjọ́ ìṣí, ó ní ọjọ́ ìtì. Ikú àti tírélà kì í wo kàlẹ́ńdà. Ẹni tó bá sì wà ní yunifásítì aládàáni kò tiẹ̀ sí nínú ètò yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn òbí tó fi gbogbo ohun tí wọ́n ní sí irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olówó gbogbo wọn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn aláṣẹ mọ̀ pé nǹkan máa ń yí padà. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà tó bá kàn wọ́n. Ẹ rántí Yunifásítì Ladoke Akintola ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ ni nígbà náà. Ní 2016 sí 2017, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, owó tó ń wá láti Àbújá dínkù, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kò jáde, ilé ìwé sì tì fún oṣù gbọọrọ. Ní oṣù Kọkànlá 2020, Ọ̀ṣun yọwọ́, ilé ìwé di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Ilé ìwé tó ní òbí méjì, tí owó tán lọ́wọ́ òbí méjèèjì, tí wọ́n jókòó tí wọ́n tún àdéhùn ṣe! Kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní kó padà sílé.

Bákan náà ní 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọ̀pọ̀ yunifásítì fi kún owó. Àlàyé wọn ni pé gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Òótọ́ ni. Yunifásítì Èkó kéde owó tuntun ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, àwọn aláṣẹ bá wọn jókòó, wọ́n sì yọ díẹ̀ kúrò. Ìyẹn ni pé owó tí wọ́n ní kò ṣeé dín ṣeé dín bí ariwo bá pọ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú, mélòó ni? Ẹni kan kò lè ṣe ìwọ́de.

Mo ti gbọ́ èsì wọn. Wọ́n ní bí àwọn bá ṣí irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi bàbá tó ń bẹ láàyè ṣe òkú. Àwọn kan yóò dán an wò, mi ò jiyàn. Mo mọ ẹni tó ti "sin" ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó lè sá fún ìdánwò. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí fi wà. Àmọ́ níbí gan-an ni kí a ti ṣọ́ra, nítorí bí wọ́n bá ní àfi ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ka iye ènìyàn, ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé ló máa kùnà. Ní Ìkòyí-Ilé àti àwọn abà tó yí i ká, ẹni tó kú láàárọ̀ lè ti wọlẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán, pàápàá bó bá jẹ́ mùsùlùmí. Ta ló ń rántí ìwé lọ́jọ́ yẹn? Kí wọ́n gba ìwé láti ọwọ́ baálẹ̀, ìmáàmù, àlùfáà ìjọ, tàbí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọ́n gba ìwé ọlọ́pàá bó bá jẹ́ ìjàǹbá ọkọ̀, kí wọ́n gba ìwé owó ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá ká ọmọ kan mọ́ irọ́, kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́. A kì í torí olè kan ti ọjà pa.

Wọ́n tún ní ilé ìwé kò lówó. Ta ló ní kí wọ́n fún wa lówó? Ohun tí mò ń bèèrè kò tó nǹkan: fọ́ọ̀mù kan, ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú wọn, èsì tí a kọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọmọ náà sì ṣe ìdánwò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Kí wọ́n di èsì ìdánwò mú títí yóò fi san án. Ṣebí wọ́n mọ bí a ti í di èsì mú? Àga kan nínú gbọ̀ngàn àti ìwé ìdáhùn kan, èló ni?

Mo fẹ́ bá àwa náà wí díẹ̀. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ bí a ti í ṣe àpèjẹ ìparí ọdún, ó mọ bí a ti í yan arẹwà. Bí olóṣèlú kan bá sì wá san owó ilé ìwé fún ọmọ méjì, a ó pàtẹ́wọ́, a ó ya fọ́tò, ọmọ méjì yẹn yóò sì gbé páálí ńlá tí wọ́n kọ iye owó sí lára sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀bẹ̀ tí mò ń wí. Ojú tún ń tì wá láti sọ̀rọ̀. Ó tó oṣù méjì kí ọ̀rẹ́ mi tó sọ fún èmi gan-an. "Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀" ló ń sọ lórí fóònù. Ìdìbò ẹgbẹ́ ń bọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò yín, ẹ bi í bóyá yóò gbé fọ́ọ̀mù yìí síwájú ìgbìmọ̀ ilé ìwé, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi ní Ìkòyí-Ilé ní oṣù tó kọjá. Ó ń bá ìyá rẹ̀ yan gaàrí, èéfín sì ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Àwọn tó wà ní kíláàsì kan sẹ́yìn rẹ̀ ti di ẹgbẹ́ rẹ̀ báyìí. Ó mú fáìlì rẹ̀ jáde, ó fi ẹ̀dà lẹ́tà náà hàn mí. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, gbogbo wọn ló sọ pé àwọn ti gbà á. Títí di òní, kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dá a lóhùn.