Kí wọ́n kọ ‘waterproof’ sára páálí kò ní kómi má wọlé

Àwọn àgbà ló ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ ìṣeré onírìmóòtù najú mọ̀ pé omi àti bọ́ọ̀dù iná kì í gbé pọ̀. Ní àsìkò òjò, tí ẹrẹ̀ bá wà káàkiri, tí àwọn ọmọ wa sì ń wá ọ̀gọ̀dọ̀ tí ọkọ̀ wọn á fi ta omi sókè, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká bá ara wa sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘waterproof’ tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí.

Mi ò sọ pé irọ́ làwọn tó ṣe é ń pa o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ìwọ̀n. Ohun tó ní ìwọ̀n ni lẹ́tà IP àti nọ́ńbà méjì tó máa ń tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ nípa eruku, èkejì ń sọ nípa omi. IPX4 túmọ̀ sí pé omi lè ta sí i lára láti ibi gbogbo. IPX7 túmọ̀ sí pé ó lè wà nínú omi tí kò jìn ju mítà 1 lọ fún ìṣẹ́jú 30. Omi lásán ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe omi òkun, kì í ṣe ẹrẹ̀ ojú títì. Ohun tuntun tí rọ́bà rẹ̀ kò tíì gbó ni wọ́n sì ń yẹ̀ wò. Tí ẹ bá bi ontajà pé nọ́ńbà wo ni ọjà rẹ̀ ní, tó bá ń wò yín bọ̀ọ̀, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yín ni iṣẹ́ tó kù wà.

Kí ló dé tí omi fi ń ba bọ́ọ̀dù jẹ́? Omi tó mọ́ pátápátá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná. Iyọ̀ àti ìdọ̀tí tó yọ́ sínú rẹ̀ ló ń gbé e. Tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá kan bọ́ọ̀dù nígbà tí bátìrì ṣì wà lára rẹ̀, iná á gba ibi tí kò yẹ kó gbà, bàbà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra, á di aláwọ̀ ewé. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè jáde nínú ọ̀gọ̀dọ̀ lónìí kó máa sáré lọ, kó wá dákẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá gbé tiẹ̀ lọ sétí òkun, ewu tirẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí iyọ̀ kì í bá omi gbẹ, ńṣe ló ń dúró síbẹ̀.

Nínú ọkọ̀ náà, kì í ṣe gbogbo nǹkan ni omi ń bà jẹ́ bákan náà. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní brush lè fara da omi díẹ̀, àmọ́ bẹ́rìn rẹ̀ á dípẹtà tí ẹ kò bá fún un lóróró. Rìsífà tó ń gba àṣẹ rìmóòtù àti servo tó ń yí táyà ni omi ń tètè rí mú. ESC tó ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì náà ń bẹ̀rù omi, àmọ́ òun tún máa ń gbóná. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fi bàlúùnù tàbí ọ̀rá wé rìsífà lè jẹ̀gbádùn, ṣùgbọ́n tó bá wé ESC bẹ́ẹ̀, ooru ló máa pa á kí omi tó dé.

Ohun tó dáa jù ni conformal coating, tó dà bí ọ̀dà tó mọ́ gaara tí wọ́n ń kùn sójú bọ́ọ̀dù. Àwọn kan ń lo kútẹ́ẹ̀sì àwọn obìnrin. Ó lè ṣe é fún rìsífà, àmọ́ ó máa ń sán, kò sì yẹ níbi tó ń gbóná. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò, ẹ má kùn ún kan ibi tí wáyà ń wọ̀. Ní ti servo, gírísì sílíkóònù àti òrùka rọ́bà ní ọ̀nà tí ọ̀pá rẹ̀ gbà jáde ló ń dí omi. Ẹ sì ṣọ́ra fún sílíkóònù tí àwọn oníwíńdò ń lò: èyí tó bá ń rùn bíi fínígà ń tú ásíìdì jáde bó ṣe ń gbẹ, ó sì ń jẹ bàbà. Ẹni tó fi dí bọ́ọ̀dù, ọ̀tá ló fi ṣọ́ ilé.

Kódà tí ẹ bá dí gbogbo rẹ̀ pa, rìmóòtù 2.4 GHz tó wọ́pọ̀ lóde òní kì í lè bá rìsífà tó ti rì sínú omi sọ̀rọ̀. Ẹ ṣètò failsafe kí ẹ́ńjìnnì lè dúró tí àṣẹ bá já.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. LiPo sẹ́ẹ̀lì méjì tó kún kò ju fóòtì 8.4 lọ, ṣùgbọ́n agbára tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà tó láti jó wáyà, ó sì tó láti dáná sílé. Èyí tómi bá wọ̀ tàbí tó bá wú, ẹ má ṣe chaji ẹ̀ o. Èyí tó dáa pàápàá, ẹ má ṣe chaji ẹ̀ nínú yàrá tí ọmọ ń sùn.

Tí omi bá ti wọlé, ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan iyọ̀ àti ẹrẹ̀ kúrò, ẹ fi isopropyl alcohol fọ bọ́ọ̀dù, ẹ wá gbé e síwájú fáànù. Ẹ dákun, ẹ má rì í sínú ìrẹsì. Iléeṣẹ́ Apple fúnra wọn sọ ní 2024 pé kí àwọn èèyàn má ki fóònù wọn tó mumi bọ ìrẹsì, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ lè bà á jẹ́. Ìkòkò ni ìrẹsì wà fún.

Ẹnì kan á ní, ‘Eré ọmọdé lásán ni, kí ni mo ń pariwo sí?’ Owó tí wọ́n fi rà á kì í ṣe owó eré. Ọwọ́ tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń dí rìsífà lónìí lè dí bọ́ọ̀dù sólà lọ́la, ó lè tún fóònù ṣe, ó lè fi jẹun bíi ti àwọn tó wà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ̀yin ontajà, ẹ sọ nọ́ńbà IP ọjà yín fún oníbàárà kẹ́ ẹ tó gbowó. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ yín bá tú ọkọ̀ rẹ̀ palẹ̀ tó ń kun inú rẹ̀, ẹ má nà án. Ẹ ra gírísì fún un, kẹ́ ẹ jókòó tì í.