Ẹ̀ṣọ́ Tí Kò Mọ Ọmọ Ilé

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀rọ tí ń ké mọ́ olè ti wọ ilé àwọn kan nínú wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dìde lóru lọ tọ̀, ẹ̀rọ a ké, gbogbo ilé a ta jí. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bàbá a pa á. Owó ṣègbé, ilé kò sì ní ẹ̀ṣọ́ mọ́.

Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Bí wọ́n ṣe tò ó ni kò dára. Ẹ̀ṣọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní òòfà: bí ilẹ̀kùn bá ṣí, òòfà a jìnnà, ẹ̀rọ a sì mọ̀. Ti inú yàrá ń mọ ooru ara ẹni tó ń kọjá. Kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí olè.

Nítorí náà, ẹ sọ fún oníṣẹ́ pé kí ó ya ti inú ilé sọ́tọ̀ nínú ẹ̀rọ. Bí gbogbo yín bá jáde, kí méjèèjì máa ṣọ́. Bí ẹ bá ń sùn, kí ti inú sinmi, kí ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé máa ṣọ́.

Bí ẹ bá ti òde dé, kí ilẹ̀kùn tí ẹ ń gbà wọlé fún yín láyè díẹ̀, bí ìṣẹ́jú àáyá 30, láti fi nọ́ńbà yín pa á, kí ti inú sì dúró dè yín. Ẹni tí kò bá gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé, kí ó ké mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.

Kí oníṣẹ́ tó gbowó, ẹ tò ó sí ti òru, kí ọmọ rìn láti ibùsùn dé ilé ìtọ̀. Bí ó bá dákẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn wò. Ajá rere kì í gbó ọmọ ilé.