Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Ọmọ Ráàpù Ìsọlọ̀!

 Ẹ̀yin ọmọ ráàpù Ìsọlọ̀ l'Ékòó, láti Òkè-Àfà dé Àjàó, láti Ìlasamàjà títí dé abẹ́ bíríìjì Òṣòdì, ẹ kú ayẹyẹ, ẹ kú àìsùn, ẹ kú àìdákẹ́! Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ló pé àádọ́ta ọdún géérégé tí orin yín ti dáyé. Ẹni tó bá ní ìlù, kó lù ú. Ẹni tí kò bá ní, kó gbá tábìlì. Àwọn tó ní ariwo ọmọ ìta lásán ni, pé kò ní í pẹ́ kó kógbá sílé, àwọn ọmọ wọn ló ń jó sí i lónìí.

Obìnrin ni ká kọ́kọ́ kí, nítorí òde àríyá rẹ̀ ni orin yín ti bẹ̀rẹ̀. Cindy Campbell fẹ́ ra aṣọ tuntun tí yóò wọ̀ padà sílé ìwé, owó ò sì tó. Ó gba gbọ̀ngàn kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé, 1520 Sedgwick Avenue, ní Bronx, New York. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìpè: obìnrin á san sẹ́ǹtì 25, ọkùnrin á san 50. Ó wá ní kí ẹ̀gbọ́n òun, Clive, tí àdúgbò mọ̀ sí DJ Kool Herc, wá fi àwo orin sí i. Kingston ní Jàmáíkà ni wọ́n ti bí Herc, níbi tí àwọn DJ ti máa ń sọ̀rọ̀ lé orin lórí. Ó ti ṣàkíyèsí pé ibi tí olórin bá ti panu mọ́, tó ku ìlù nìkan, ni àwọn oníjó ti máa ń gbàgbé ara wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwo kan náà ní méjì, bí ọ̀kan bá fẹ́ parí, á bọ́ sórí èkejì, ìlù ò sì tán mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Coke La Rock, gba máìkì, ó ń kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn lórúkọ. Ẹni tó bá ti lọ òde ìnáwó rí ní Ìsọlọ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Onílù kì í wo èèyàn lójú kó má pe orúkọ bàbá rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o, ibẹ̀ sì ni mo ti rí adùn ráàpù. Nílẹ̀ wa, ẹlòmíràn ló ń kini. Ìyá ló ń ki ọmọ láàárọ̀, onírárà ló ń ki olówó, bí kábíyèsí bá sì jáde láàfin, onílù á kì í dé ẹnu mọ́tò. Ta ni yóò wá ki ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá l'Óṣòdì? Ta ni yóò ki kọ̀ndọ́ tó ń fò mọ́ ara dáńfó láti àárọ̀ kùtù? Wọn ò rówó lẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni níwájú orí. Ráàpù ló fún wọn láyè láti ki ara wọn. Ọmọ náà á dárúkọ ara rẹ̀, á dárúkọ òpópónà rẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀, á dárúkọ ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ, á sọ gbèsè tó jẹ, á sì wá ní kò sí ẹni tó tó òun. Àwọn àgbà ní ìgbéraga ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. (Àwọn onífújì wa ti ń ki ara wọn kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, a ò sì lé wọn kúrò lóde.) Ẹni tí kò rẹ́ni kì í, ẹ jẹ́ kó ki ara rẹ̀ tán ná.

Ráàpù ò ṣẹ̀ṣẹ̀ débí. Ọdún 1981 ni Ron Ekundayo, DJ Ronnie, ti gbé The Way I Feel jáde. Junior àti Pretty fi píjìn dá wa lẹ́rìn-ín. The Remedies dé, Weird MC dé tòun ti orin rẹ̀ Ijoya, Lord of Ajasa sì dúró ti Yorùbá nígbà tí wọ́n ṣì ń fi irú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2004, ìjọba ò fẹ́ kí rédíò fi Jaga Jaga tí Eedris Abdulkareem kọ sáfẹ́fẹ́. Inú ọkọ̀ èrò ni gbogbo wa ti gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọdún 2009 ni ilé gbà á tí ọ̀nà gbà á. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn ni ìjọba Fáṣọlá, gómìnà Èkó nígbà yẹn, wó àwọn ìsọ̀ Òṣòdì, tí àwọn ọlọ́jà fọ́n ká. Ọdún yẹn kan náà ni Oladapo Olaonipekun, Dagrin wa, gbé C.E.O jáde, ìyẹn Chief Executive Omoita. Orin yẹn ò nílò ìsọ̀ kankan. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ìdí àwọn fọkanáísà, ẹ̀yìn dáńfó, Pon Pon Pon inú rẹ̀ ló ń dún. Àwọn kan ti máa ń wọ́n Yorùbá díẹ̀ sórí Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Dagrin fi Yorùbá ṣe ọbẹ̀ gan-an, Yorùbá àdúgbò, tòun ti èébú àti àdúrà inú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó le ni o. Àwọn tó ń ráàpù lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí ìparí ọ̀rọ̀ bá ti jọra, ó tán. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Fi "Ìsọlọ̀" parí ìlà kan, kí o fi "ọkọ̀" parí èkejì, etí á gbà á. Fi "ọwọ́" sí i, á kọsẹ̀, nítorí ohùn ti gòkè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Ẹni tó bá ń yára sọ̀rọ̀ lórí ìlù, tí ohùn rẹ̀ ò sì ṣìnà, tí ìtumọ̀ ò sọnù, ó tó ẹni tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Mùṣín tó bá wa pààlà ni jàǹbá ọkọ̀ ti ṣe Dagrin, ó sì dágbére fáyé ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2010. A ò ní í sunkún lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀! Olamide jáde láti Bàríga, ó gbé Rapsodi jáde ní 2011, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì Kérésìmesì 2017, pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Sùúrùlérè ló ti pe èrò jọ. Reminisce tiẹ̀ ń fi Yorùbá sọ̀kò ọ̀rọ̀ títí ìwé ìròyìn Time ní Amẹ́ríkà fi kà á mọ́ olórin ráàpù méje lágbàáyé tó yẹ kí àwọn òǹkàwé wọn mọ̀, ní 2014. Àwọn tí kò gbọ́ "ẹ káàárọ̀" ń mi orí sí i.

Mo wá kí ẹ̀yin tí rédíò ò tíì mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri yàrá kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ fi fóòmù àtijọ́ dí fèrèsé, tẹ́ ẹ so máìkì rọ̀ mọ́ igi ìfáṣọkọ́, tẹ́ ẹ pa fáànù nítorí ariwo rẹ̀, tí òógùn sì bò yín. Ẹ̀yin ọmọbìnrin pàápàá, tí wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ wá kọ ègbè nígbà tẹ́ ẹ ti kọ odindi orin sínú fóònù yín, máìkì yẹn kàn yín lónìí. Ìyá onílé ti ń pariwo, NEPA ti mú iná lọ, epo tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ ò ju ti orin kan lọ. Ẹ kú oríire. Ẹ tètè gbà á sílẹ̀ kó tó kú!